Ta Ni Omi Gbígbóná Wà Fún? Ìtàn Ìlú Bath àti Ohun tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn àwọn ìlú tí a tẹ̀ dó sídìí omi gbígbóná ní ilẹ̀ Òyìnbó yóò rí i pé bí omi kò tilẹ̀ lọ́tàá, ó máa ń ní ẹni tí ó sọ ara rẹ̀ di olówó rẹ̀, ó máa ń ní aṣọ́nà, ó sì máa ń ní àwọn tí a lé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ilẹ̀ bá fúnra rẹ̀ se omi, tí ó sì gbé e jáde fún ọmọ aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni omi náà wà fún?

Ìlú Bath ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá níbẹ̀ láti London sí Bristol, àwọn mìíràn sì ti yà wo ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù. Ìlú ẹlẹ́wà ni. Òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin ni wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀, àwọn òpópónà rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé tí wọ́n ń há fún àlejò kì í sábà sọ ìtàn náà tán. A óò gbìyànjú láti sọ díẹ̀ nínú èyí tí ó kù, nítorí ó kan àwa ọmọ Áfíríkà, ó sì kan omi Ìkógòsì tí ó wà nílé.

Bí omi náà ṣe ń gbóná

Kò sí idán nínú ooru omi náà. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè Mendip ní ìgbà láéláé ni ó rọra wọ inú àpáta lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó jìn tó 2,700 mítà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jìn ju 4,000 mítà lọ. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Omi náà gbóná níbẹ̀, ó wá ọ̀nà àbáyọ, ó sì gba ibi tí àpáta ti sán jáde ní àárín ìlú Bath. Orísun mẹ́ta ni ó ní. Nígbà tí omi èyí tí ó tóbi jù nínú wọn bá fi máa yọ sókè, ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ń tú jáde ju mílíọ̀nù kan lítà lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò.

Àwọn ènìyàn àtijọ́ kò mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé omi náà ń ṣe ara lóore. Àwọn ará Bath ní ìtàn àtẹnudẹ́nu kan nípa ọmọ ọba tí ń jẹ́ Bladud. Ẹ̀tẹ̀ mú un, wọ́n lé e kúrò láàfin, ó sì di olùṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ó rí i pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ara wọn kò dá ń yí nínú ẹrẹ̀ gbígbóná, ara wọn sì ń yá. Òun náà wọ inú ẹrẹ̀ náà, ẹ̀tẹ̀ lọ, ó padà di ọba, ó sì tẹ ìlú dó síbẹ̀. Ní erékùṣù Cuba, ní ìlú San Diego de los Baños, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹrú ni wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ mú níbẹ̀, tí olówó rẹ̀ lé dànù, tí omi gbígbóná sì wò sàn. Ẹ ṣàkíyèsí i pé nínú ìtàn méjèèjì, ẹni tí a lé jáde ni omi kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà.

Òòṣà Sulis àti àwọn tí olè jà

Kí àwọn ará Róòmù tó dé, àwọn onílẹ̀ ti ń bọ òòṣà obìnrin kan nídìí omi náà. Sulis ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Róòmù gbógun wọ ilẹ̀ náà ní ọdún 43 Sànmánì Kristi, kò sì tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ tẹ́ḿpìlì àti ilé ìwẹ̀ síbẹ̀. Wọn kò lé Sulis jáde. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Minerva, òòṣà tiwọn, wọ́n ń pè é ní Sulis Minerva, wọ́n sì sọ ìlú náà ní Aquae Sulis, èyíinì ni Omi Sulis. Kò ní ṣòro fún àwa tí a mọ Ọ̀ṣun Òṣogbo láti lóye bí omi ṣe lè jẹ́ ìyá, tí ìyá sì lè jẹ́ onílùú.

Láti ọdún 1979 sí 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Barry Cunliffe àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wa ìdí orísun náà. Wọ́n rí owó ẹyọ tí ó ju 12,000 lọ, tí àwọn olùjọsìn jù sínú omi. Wọ́n sì rí àwọn pẹlẹbẹ òjé tí a fi ohun ẹnu ṣóńṣó kọ nǹkan sí, tí a ká púpọ̀ nínú wọn bí ẹní kí a tó sọ wọ́n sínú omi. Nǹkan bí 130 irú rẹ̀ ni ó ti jáde láti ibẹ̀. Èpè ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹni tí olè jà yóò kọ ohun tí ó sọnù, yóò sì kọ ohun tí ó fẹ́ kí Sulis fi ojú olè náà rí. Nígbà tí kò mọ ẹni tí ó jí i, yóò ní ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe ọmọ, kí òòṣà wá a rí. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Docimedis pàdánù ìbọ̀wọ́ méjì. Ó ní kí olè náà pàdánù ojú àti iyè rẹ̀. Aṣọ ni ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, nítorí ẹni tí ó fẹ́ wẹ̀ kò ní ṣàìbọ́ aṣọ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní tiwa, a rí ẹ̀kọ́ ńlá nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ méjì kì í ṣe ohun tí ọlọ́lá ń torí rẹ̀ gégùn-ún. Àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n kọ àwọn òjé wọ̀nyí, àwọn tí kò lágbára láti pe adájọ́. Nígbà náà, omi Sulis kì í ṣe ibi ìgbádùn nìkan. Kóòtù aláìní ni pẹ̀lú. Ó dájú pé ẹrú wà nínú àwọn tí ń ru ẹrù ọ̀gá wọn lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní pẹlẹbẹ òjé kan ní ohun tí ó lè bá òòṣà sọ.

Òfin tí ó fi omi fún aláìní

Ìjọba Róòmù fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún. Tẹ́ḿpìlì wó, ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò dákẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì gba ipò òòṣà. Ní ọdún 973 ni wọ́n dé Edgar ládé ọba ní Bath. Ní nǹkan bí ọdún 1174, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ dá Hospital of St John sílẹ̀ lẹ́bàá omi náà fún àwọn aláìsàn tí kò lówó. Àjọ náà ṣì wà títí di òní yìí, àwọn arúgbó ni ó ń fún nílé gbé.

Nígbà tí ó di ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn aláìsàn aláìní ń wọ́ lọ sí Bath láti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní làkúrègbé, àwọn kan ní àrùn ẹ̀gbà, àwọn mìíràn sì ní àrùn awọ ara. Òfin ọdún 1572 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1597 fún àwọn aláìsàn tí kò lówó ní ẹ̀tọ́ láti lo omi Bath láìsan owó. Èyí kì í ṣe àánú tí ọlọ́rọ̀ ń ṣe nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹ̀tọ́ ni, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin náà dópin ní ọdún 1714, wọn kò sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún yìí sọ́kàn, nítorí àkókò náà gan-an ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wá.

Ìgbà Beau Nash

Ọbabìnrin Anne wá wẹ̀ ní Bath ní ọdún 1702 àti 1703. Ibi tí ọba bá lọ, ìjòyè a tẹ̀lé e. Ní ọdún 1705 ni Richard Nash, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Beau Nash, dé sí ìlú náà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi tẹ́tẹ́ jẹun. Kò pẹ́ tí ó fi di alákòóso ayẹyẹ, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú idà wọ agbo ijó. Ó ní kí ọkùnrin má ṣe wọ bàtà ẹlẹ́ṣin wá síbi tí àwọn obìnrin wà. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ijó ń bẹ̀rẹ̀, agogo mọ́kànlá ni ó gbọ́dọ̀ parí. Wọ́n ní nígbà tí Amelia, ọmọ Ọba George Kejì, bẹ̀bẹ̀ fún ijó kan péré sí i lẹ́yìn agogo mọ́kànlá, Nash kọ̀ jálẹ̀.

Bí ọjọ́ aláfẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù wọn a wọ inú omi, tọkùnrin tobìnrin, tàwọn ti aṣọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọn a lọ mu omi gbígbóná náà ní Pump Room níwọ̀n tí dókítà bá pa láṣẹ. Wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a rìn kiri, wọn a ra nǹkan, wọn a ta tẹ́tẹ́, wọn a jó. Bàbá tí ó ní ọmọbìnrin yóò wá ọkọ fún un níbẹ̀. Jane Austen, tí ó gbé ìlú náà láti ọdún 1801 sí 1806, mọ gbogbo èyí dáadáa, ó sì fi ìlú náà ṣe ibùdó ìtàn nínú *Northanger Abbey* àti *Persuasion*.

Ilé ńláńlá ń dìde. John Wood àti ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ John Wood ni wọ́n ya àwòrán èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn. Bàbá parí Queen Square ní ọdún 1736, ó sì bẹ̀rẹ̀ Circus ní 1754, ọdún tí ó kú gan-an. Ọmọ parí rẹ̀, ó sì kọ́ Royal Crescent, ilé ọgbọ̀n tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, láàárín ọdún 1767 àti 1775. Òkúta rẹ̀ wá láti ibi tí Ralph Allen ti ń wa òkúta ní Combe Down. Ìlú tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan ènìyàn lọ ní ọdún 1700 ti ní ju 30,000 lọ nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1801.

Níbo wá ni àwọn aláìní tí òfin wọn ti dópin wà? Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣagbe. Ojú ń ti àwọn aláfẹ́ láti rí wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1716 ni àwọn aláàánú ti ń sọ pé kí a kọ́ ilé ìwòsàn fún wọn. Nash kó owó jọ fún un, Allen fi òkúta ta á lọ́rẹ, Wood ya àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Dókítà William Oliver sì wà lára àwọn oníṣègùn rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1742. Iṣẹ́ rere ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti ibẹ̀ rí ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú owó ìdúró lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbà á, owó tí wọn yóò fi dá a padà sílé bí ó bá sàn, tàbí tí wọn yóò fi sin ín bí ó bá kú. Ó gbọ́dọ̀ so àmì idẹ mọ́ra kí gbogbo ìlú lè dá a mọ̀. Òtòṣì tí ó sì jẹ́ ọmọ Bath gan-an kò lè wọ ibẹ̀ títí di ọdún 1835, nítorí àwọn tí ó ti òkèèrè wá nìkan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ní 1597 ti di ìtọrẹ àánú ní 1742.

Owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ?

Máìlì méjìlá péré ni Bath sí Bristol. Láti ọdún 1698 tí ọ̀nà ti ṣí fún àwọn oníṣòwò Bristol títí di 1807 tí òfin dá òwò ẹrú dúró, ọkọ̀ ojú omi wọn lọ sí Áfíríkà ní ìgbà tí ó ju 2,000 lọ, wọ́n sì kó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn. Ní ọdún 1727 ni wọ́n tún odò Avon ṣe kí ọkọ̀ ẹrù lè máa gòkè láti Bristol dé Bath. Ṣúgà tí wọ́n ń bù sínú tíì ní Bath, inú oko ìrèké ní Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù yòókù ni ó ti wá.

Kì í ṣe ṣúgà nìkan. Duke ti Chandos, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún John Wood ní Bath ní àwọn ọdún 1720, ní ìpín púpọ̀ nínú Royal African Company tí ń ṣòwò ẹrú. William Pulteney, ẹni tí afárá rẹ̀ lórí odò Avon ṣì ń mú àlejò yanu, ní oko ní àwọn erékùṣù Caribbean. William Beckford jogún oko ìrèké ní Jàmáíkà àti àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ní àwọn ọdún 1820 ó kó wá sí Bath, ó sì kọ́ ilé gogoro kan sórí òkè Lansdown, tí wọ́n parí ní 1827, tí ó ṣì dúró títí di òní. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú nípa òfin ọdún 1833, wọ́n pín ogún mílíọ̀nù pọ́n-ún fún àwọn olówó ẹrú láti fi tù wọ́n nínú, àwọn tí ń gbé Bath sì wà lára àwọn tí ó gbà á. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀.

Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ni a kó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, Brazil àti Cuba ni a sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ, lẹ́yìn tí Bristol ti jáwọ́. Nítorí náà a kò lè na ìka sí ilé kan pàtó ní Royal Crescent kí a ní òógùn baba wa ni. Ṣùgbọ́n òógùn ọmọ Áfíríkà ni. Nígbà tí Bath sì ń gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn tí òógùn wọn wà nínú rẹ̀ kò rí omi náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n wẹ̀ níbẹ̀.

Ìtàn kì í tọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣá o. Ìlú yìí kan náà ni William Wilberforce, tí ó ń gbógun ti òwò ẹrú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ti pàdé aya rẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1797. Ní ọdún 1789, George Bridgetower, ọmọdé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, ta gòjé níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń kan sáárá sí i. Ènìyàn dúdú lè wọ gbọ̀ngàn náà bí ó bá mú gòjé lọ́wọ́.

Ọba kan láti ìlú omi gbígbóná

Ní ọdún 1936, àlejò kan dé Bath tí ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù lọ́wọ́ wa. Haile Selassie ni, ọba Etiópíà, tí àwọn ọmọ ogun Ítálì ti lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún náà títí di 1940 ni ó fi gbé ní Fairfield House ní Bath. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa kò dákẹ́ nígbà náà. Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1935 láti gbèjà Etiópíà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé láti ìlú omi gbígbóná ni ọba yìí ti wá sí ìlú omi gbígbóná. Ní nǹkan bí ọdún 1886, ààfin Menelik wà lórí òkè Entoto, níbi tí òtútù pọ̀, tí igi ìdáná sì ti ṣọ̀wọ́n. Taytu Betul, aya rẹ̀, fẹ́ràn láti máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ ní Filwoha, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé fún òun sí tòsí omi náà, ó sì sọ ibẹ̀ ní Addis Ababa, èyíinì ni Òdòdó Tuntun. Àwọn ìjòyè kọ́ ilé yí i ká, ó sì di olú-ìlú Etiópíà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Òyìnbó ni ó kọ́ ènìyàn dúdú bí a ti ń fi omi gbígbóná sinmi, ẹ ní kí ó lọ bèèrè lọ́wọ́ Taytu.

Haile Selassie padà sí Addis Ababa ní oṣù karùn-ún ọdún 1941. Ní 1958 ó fi Fairfield House ta ìlú Bath lọ́rẹ fún ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹni tí a lé kúrò nílé ni ó fi ilé sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní.

Ilẹ̀kùn tí a tì, ilẹ̀kùn tí a ṣí

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó kí àwọn aláìsàn lè rí ìtọ́jú nínú omi Bath. Ó dà bí ẹni pé òfin 1597 ti jí dìde. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 1976. Ní 1978, ọmọbìnrin kan kú lẹ́yìn tí ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ti gbogbo ilé ìwẹ̀ pa. Wọ́n gbẹ́ kànga tí ó jìn láti fa omi tí kòkòrò kò tíì dé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó kọjá kí àwọn ará ìlú tó tún rí ibi wẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ tuntun, Thermae Bath Spa, ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 2006. Iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́, owó rẹ̀ sì ga ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ dáadáa. Ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù ni àlejò ń wò, wọn kì í wẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọdún 1742 kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ilé àtijọ́ náà ní ọdún 2019. Ní 2021, àjọ UNESCO ka Bath mọ́ ìlú omi ìwòsàn mọ́kànlá ní ilẹ̀ Yúróòpù tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wọn tọ́jú, pẹ̀lú àwọn ìlú bíi Vichy, Baden-Baden àti Karlovy Vary. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara kan omi náà lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò.

Ìkógòsì ńkọ́?

Àwa náà ní tiwa. Ní Ìkógòsì Èkìtì, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ń sàn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pàdé. Ẹni tí ó bá dúró síbi tí wọ́n ti pàdé lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ooru, kí ó fi èkejì sínú òtútù. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ ọ́ bí ìtàn orogún méjì, ìyàwó ọkọ kan, tí ọ̀kan jẹ́ onínú fùfù, tí èkejì sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kọ́ ibi ìsinmi síbẹ̀. Wọ́n ti rọ omi náà sínú ìgò tà. Lẹ́yìn ọdún 2010, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì tún ilé ìtura ibẹ̀ ṣe kí àlejò lè máa wá.

Inú wa dùn sí ìtẹ̀síwájú. A kò sọ pé kí omi náà máa ṣàn nínú igbó láìní olùtọ́jú. Ṣùgbọ́n ìtàn Bath ti kọ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a má ṣe lé onílẹ̀ jáde: ìtàn orogún méjì náà àti ìbọ̀wọ̀ tí àwọn ará Ìkógòsì ní fún omi wọn yẹ kí ó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sulis ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minerva. Èkejì, kí a máa yẹ omi náà wò déédéé, nítorí omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò fẹ́ràn, ikú ọmọ kan sì ti tó ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wúwo jù, kí a kọ ẹ̀tọ́ aláìní sínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyá arúgbó kan láti Èrìnjìyàn bá ní làkúrègbé, kò yẹ kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wo àwọn tí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá láti Èkó tí wọ́n ń wẹ̀ nínú omi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó má jẹ́ àánú, nítorí àánú a máa rẹni tí ń ṣe é.

Iṣẹ́ kan wà fún àwa ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí a mọ̀ nípa Bath pọ̀ nítorí àwọn ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀, láti orí òjé títí dé orí ìwé. Ohun tí a kọ nípa Ìkógòsì kéré jọjọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní òbí tàbí ẹbí ní Ìkógòsì, ní Èrìnjìyàn, ní Ìpólé tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kí ó jọ̀wọ́ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí ó bá lọ sílé: ta ni ó kọ́kọ́ rí omi náà, àwọn wo ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé, àìsàn wo ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ha ń gbowó lọ́wọ́ wọn? Kí ó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa. A óò fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí.